Ṣé Orin Aládùn Lè Tún Ìwà Ẹni Ṣe?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ti gbọ́ ọ rí: ẹni tó bá ń gbọ́ orin gidi, ìwà rẹ̀ á dára, ẹni tó bá ń gbọ́ pálapàla, ìwàkiwà ló máa hù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ìtàn.

Ọdún 1904 ni wọ́n bí Reinhard Heydrich ní ìlú Halle, ní Jámánì. Bàbá rẹ̀, Bruno, jẹ́ akọrin, ó tún ń ṣẹ̀dá orin, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà mọ violin ta dáadáa. Bí orin bá ń tún èèyàn ṣe, tirẹ̀ ló yẹ kó pé jù.

Òun yìí kan náà ló ṣe alága ìpàdé Wannsee ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 1942, níbi tí àwọn ọmọ abẹ́ Hitler ti jókòó ṣètò bí wọ́n ṣe máa pa àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù run. Ní alẹ́ ọjọ́ 26, oṣù karùn-ún, ó lọ gbọ́ orin bàbá rẹ̀ ní Prague. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó kú.

Ní àgọ́ ikú Auschwitz ńkọ́? Àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ní ẹgbẹ́ olórin níbẹ̀, Alma Rosé ló ń darí wọn títí tó fi kú ní 1944. Anita Lasker, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, ló ń ta cello, irú gòjé ńlá kan. Josef Mengele, dókítà tó ń yan ẹni tó máa kú, ní kí Anita ta orin Schumann fún òun. Anita ta á. Pípa kò dúró.

Ẹ lè ní orin ló gba Anita là. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ ìwà àwọn apààyàn kọ́ ló yí padà. Olórin ni wọ́n ń fẹ́.

Èrò tèmi ni pé orin lè rọ ọkàn, àmọ́ kì í yan ẹni tí ọkàn náà máa ṣàánú fún. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ pé orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀. Ẹ máa gbọ́ orin yín, èmi náà ń gbọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìwà ẹnì kan, ẹ wo àwọn tó kà sí èèyàn.