Kí ẹ tó to ìbọn jọ nílé ní Amẹ́ríkà: ohun tí òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ

Ọ̀rọ̀ ìbọn la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù o, èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò jọ nílé ni. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston, Atlanta àti Maryland ló ń bi mí léèrè jù. Wọ́n á ní: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ní Amẹ́ríkà èèyàn lè ṣe ìbọn tirẹ̀ nílé, kò sẹ́ni tó máa mú un. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìdáhùn mi ni pé òótọ́ ni níbì kan, irọ́ ni níbòmíì. Ó kù síbi tí ẹ ń gbé, ó kù sí irú ẹni tí ẹ jẹ́ lójú òfin, ó sì tún kù sí irú ìbọn tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Tó bá wá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì di ọmọ ìlú níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n nìkan kọ́, wọ́n lè gbé e sínú bàálù padà sí Èkó. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí, kí ẹ lè máa padà wá wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀.

Kó tó di pé ẹnì kan máa bínú: mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbọn. Òfin ni mo wá sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin ìjọba àpapọ̀

Ní Amẹ́ríkà, òfin méjì ló máa ń dé yín lórí lẹ́ẹ̀kan náà: ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Tí ọ̀kan bá gbà yín láàyè, ìyẹn ò ní kí èkejì má mú yín.

Òfin Gun Control Act ti 1968 ló ní kí ẹni tó bá ń ṣe ìbọn fún òwò gba láísẹ́ńsì. Kò ní kí ẹni tó ń ṣe ẹyọ kan fún ìlò ara rẹ̀ gba láísẹ́ńsì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ "ẹ lè ṣe tiyín nílé" ti ṣẹ̀ wá. Àmọ́ tó bá ti wà lọ́kàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tẹ́ ẹ bá ṣe é tán ẹ máa tà á fún ọ̀rẹ́, òwò lẹ̀ ń ṣe yẹn, láìsí láísẹ́ńsì ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Àwọn ìbọn kan sì wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìgba àṣẹ kọ́kọ́. Òfin National Firearms Act ti 1934 ló ń ṣọ́ wọn: rifle tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì 16, shotgun tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì 18, ohun tó ń pa ohùn ìbọn, ìyẹn silencer, àti machine gun tó ń da ọta lé ara wọn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ti machine gun tilẹ̀ ti pin fún aráàlú láti ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1986. Kò sí pé ẹ fẹ́ ṣe tuntun. Fún àwọn yòókù, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àjọ ATF, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, owó orí dọ́là 200 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, owó yẹn ti di òdo fún silencer àti àwọn ìbọn ọ̀pá kúkúrú. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ o. Owó ló lọ, ìforúkọsílẹ̀ ò lọ.

Ìbọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ ńkọ́? Òfin Undetectable Firearms Act ti 1988 ní ìbọn tí ẹ̀rọ tó ń wá irin kò bá lè rí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe é, kò sì gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ghost gun àti ilé ẹjọ́

Ìbọn tí kò ní nọ́mbà ìdánimọ̀ lára ni wọ́n ń pè ní ghost gun. Tí ọlọ́pàá bá rí i níbi tí wọ́n ti pa èèyàn, kò sí bí wọ́n ṣe máa fi nọ́mbà tọpa ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá láti inú páálí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ẹ̀yà ìbọn wà nínú rẹ̀, tó ku díẹ̀ kó pé.

Ní 2022, ATF gbé ìlànà kan jáde pé irú páálí bẹ́ẹ̀, tó bá ti rọrùn láti sọ di ìbọn, ìbọn ni lójú òfin. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì, kó fi nọ́mbà sí i, kó sì yẹ ìwà ẹni tó fẹ́ rà á wò. Àwọn tó ń tà á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 2025, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Bondi v. VanDerStok. Adájọ́ méje fara mọ́ ìlànà náà, méjì kọ̀. Adájọ́ Neil Gorsuch ló kọ ìdájọ́ náà.

Ẹ wo ohun tí ìdájọ́ yẹn kò sọ: kò sọ pé aráàlú ò lè ṣe ìbọn tirẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń tà ló dì mú. Ohun tó kù, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà, ibẹ̀ sì ni gbọ́nmi-si omi-ò-to ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ìwé yín sọ?

Apá yìí ló ká mi lára jù, torí ó kan àwa gan-an.

Tó bá jẹ́ físà onígbà díẹ̀ lẹ fi wọlé, bóyá ti akẹ́kọ̀ọ́, ti ìbẹ̀wò tàbí ti iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ní ẹ ò gbọ́dọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Ohun díẹ̀ ló yọ èèyàn kúrò nínú èyí. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ni láísẹ́ńsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún yín, tí kò tíì kú. Ẹni tí kò ní ìwé rárá, tàbí tí físà rẹ̀ ti kọjá ọjọ́, kò ní àyè kankan. Òfin yìí kò sì béèrè bóyá ẹ rà á ni tàbí ẹ fọwọ́ ṣe é. Pé ó wà lọ́wọ́ yín ti tó.

Ẹni tó ní green card lè ní ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà ní ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ẹ̀sùn ìbọn, wọ́n lè lé e kúrò nílùú. Ẹni tó ní green card wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́, tó kọ́lé, tó bímọ síbẹ̀, lè tìtorí irin kan tó tò nínú gáréèjì sọ gbogbo rẹ̀ nù.

Òfin tún ka àwọn míì léèwọ̀: ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún kan lọ, àti ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó na ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀sùn kékeré.

Ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀

*Texas, Georgia àti Florida.* Àwọn ìpínlẹ̀ yìí kò ní òfin tó ní kí ẹ fi nọ́mbà sí ìbọn tí ẹ ṣe fún ara yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló kù tó ń dì yín mú.

*California.* Láti oṣù Keje 2018, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ẹ̀ka ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà kí ẹ tó ṣe ìbọn, kí wọ́n yẹ̀ yín wò, kí wọ́n fún yín ní nọ́mbà, kí ẹ sì fín in sára ìbọn. Ẹ ò sì lè tà á lẹ́yìn náà. Ní 2022 wọ́n tún mú òfin náà le sí i.

*Connecticut.* Láti oṣù Kẹwàá 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ ti máa gba nọ́mbà.

*New Jersey.* Láti oṣù Kọkànlá 2018, ríra ẹ̀yà láti fi ṣe ìbọn aláìnínọ́mbà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá níbẹ̀. Fífi fáìlì 3D ìbọn ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì náà lòdì sófin. Nítorí náà, "mo kàn fi link ránṣẹ́ ni" lè di ẹjọ́.

*New York.* Gómìnà Kathy Hochul fọwọ́ sí òfin méjì lórí ghost gun ní oṣù Kẹwàá 2021. Ìbọn tí kò ní nọ́mbà àti férémù tí kò tíì parí, méjèèjì ló kàn.

*Maryland.* Ẹ̀yin ará Prince George's County, ẹ sún mọ́bí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022, títà ìbọn aláìnínọ́mbà ti dópin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2023, níní in lọ́wọ́ pàápàá ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ti ṣe tirẹ̀ kí òfin tó dé ò lè sọ pé "tèmi ti pẹ́." Wọ́n ti fún un láàyè láti lọ fi nọ́mbà sí i, àyè yẹn sì ti kọjá.

*Illinois.* Gómìnà J. B. Pritzker fọwọ́ sí òfin tó ka ghost gun léèwọ̀ ní oṣù Karùn-ún 2022. Yàtọ̀ síyẹn, ará ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní káàdì FOID kó tó ní ìbọn tàbí ọta èyíkéyìí.

*Colorado.* Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024, ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe férémù ìbọn nílé, yálà ó fi irin ṣe é ni tàbí ó fi 3D tẹ̀ ẹ́.

Washington, Oregon, Nevada, Hawaii, Rhode Island, Delaware, Massachusetts àti Vermont náà ní òfin tiwọn lórí ghost gun. Tí ìpínlẹ̀ yín ò bá sí nínú èyí tí mo kà, ẹ má rò pé ó ti bọ́ sí i. Àwọn ìlú kan náà máa ń ṣe òfin tiwọn.

"Ìpínlẹ̀ mi ti gbà mí láàyè"

Ọ̀rọ̀ yìí ti kó èèyàn sí wàhálà gidi. Ní 2013, Kansas ṣe òfin pé ìbọn tí wọ́n bá ṣe ní Kansas, tí kò sì jáde kúrò níbẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ò kàn án. Ọkùnrin kan ń ṣe silencer, ó ń tà á, èkejì rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbẹ́kẹ̀ lé òfin ìpínlẹ̀ wọn. Ní 2016, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá wọn lẹ́bi. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n pàdánù ní 2018. Ní 2019, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ọ. Wọn ò rẹ́wọ̀n he o, àmọ́ ẹ̀bi ńlá ti wà lórúkọ wọn. Ọmọ ìlú tilẹ̀ nìyẹn. Ẹ ronú ohun tí irú ẹ̀bi yẹn máa ṣe fún ẹni tó ń dúró de green card.

Irú ọ̀fìn kan náà wà ní Texas báyìí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìpínlẹ̀ náà yọ ìbọn ọ̀pá kúkúrú kúrò nínú àwọn ohun ìjà tó kà léèwọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á rò pé ọ̀nà ti là. Kò là: òfin 1934 ṣì wà níbẹ̀, ìwé ATF ṣì pọn dandan.

Tẹ́ ẹ bá ń kó lọ síbòmíì

Ìbọn tó bófin mu ní Houston lè di ẹ̀sùn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí iṣẹ́ tuntun ní Newark. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tó ń gba inú ìpínlẹ̀ kan kọjá, tí kò bá sí ọta nínú ìbọn náà, tó sì wà ní títì pa níbi tí ọwọ́ ò lè tó o nínú mọ́tò. Àmọ́ ìbọn náà gbọ́dọ̀ bófin mu níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ àti níbi tẹ́ ẹ ń lọ. Tó bá jẹ́ pé New Jersey tàbí Maryland gan-an lẹ ń lọ, ààbò yẹn ò ní gba yín. Ẹ pe lọ́yà kí ẹ tó kó ẹrù sínú ọkọ̀.

Ẹ má gbé e wálé

Òfin ìbọn Nàìjíríà, Firearms Act ti 1959, kò jọ ti Amẹ́ríkà rárá. Kò sí ẹ̀tọ́ "mo ṣe é fún ara mi." Òfin náà ní ilé ìkó-ohun-ìjà ìjọba nìkan ni wọ́n ti lè ṣe ìbọn tàbí tò ó jọ. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń gbé kiri pàápàá, òfin ní kó ní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ki ẹ̀yà ìbọn sínú dúrọ́ọ̀mù ẹrù tàbí sínú búùtù mọ́tò tó ń fi ránṣẹ́ sí Èkó ti rú òfin orílẹ̀-èdè méjì: Amẹ́ríkà fún gbígbé e jáde láìgbàṣẹ, Nàìjíríà fún kíkó o wọlé.

Ìbéèrè márùn-ún tí ẹ máa bi ara yín

1. Ṣé ìwé ìgbélùú mi gbà kí n ní ìbọn? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dúró síbẹ̀.
2. Ṣé ìpínlẹ̀ àti ìlú mi gbà kí n ṣe é? Ṣé nọ́mbà ń ṣáájú iṣẹ́?
3. Ṣé irú èyí tí mo fẹ́ ṣe wà lábẹ́ òfin 1934? Tó bá wà, ìwé ATF ń ṣáájú.
4. Ta ni mo ti fẹ́ ra ẹ̀yà rẹ̀? Ṣé ó ní láísẹ́ńsì?
5. Tí mo bá kó lọ, tàbí tí mo kú, ta ló máa jogún rẹ̀, ṣé òfin ibẹ̀ gbà?

Tí ìdáhùn ẹyọ kan bá ń ṣe yín ní "bóyá", ẹ lọ bá lọ́yà tó mọ òfin ìbọn ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, kó tún bá lọ́yà ìwọ̀lú. Owó lọ́yà dun èèyàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré sí owó ẹjọ́, kò sì tó ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀ bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín tó wà lọ́hùn-ún.