Orúkọ Wa nínú Àwòṣe Ẹlòmíràn

Ọ̀dọ̀ akọ̀wé kan ní Yábàá ni mo gbé àpilẹ̀kọ gboyè àkọ́kọ́ mi lọ ní 1992 kí ó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí ó ń lò, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ lórí rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ àmì ohùn. Nígbà tí ó parí, mo jókòó ti ojú ìwé mọ́kàndínláàádọ́rin, mo sì ń fi báírò kan àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ rẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyà náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó kọ́ èdè Yorùbá nígbà náà. Lẹ́tà Rómù tí a fi ń kọ èdè wa, àwìn ni a gbà á. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 jíròrò lórí bí a ó ṣe tún un ṣe kí ó lè gba ohùn ẹnu wa. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sì tún tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń rọ ẹ̀rọ kò sí níbi ìpàdé méjèèjì.

Mo rántí báírò yẹn nígbà tí mo tún bá iṣẹ́ lọ sí Yábàá ní 2021. Àdúgbò náà ti di nǹkan mìíràn. Bọ́sún Tìjání àti Fẹ́mi Longe ti dá Co-Creation Hub sílẹ̀ ní òpópónà Herbert Macaulay. Ibẹ̀ ni BudgIT, tí ń tú ìṣirò owó ìjọba palẹ̀ fún mẹ̀kúnnù, ti jáde wá ní 2011. Mark Zuckerberg tí ó ni Facebook fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2016. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ kóòdù ní àdúgbò náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi ṣe áàpù kan tí àwọn ẹbí yóò ti máa kọ oríkì orílẹ̀ wọn sílẹ̀.

Mo rò pé yóò gba oṣù mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín. Àwòṣe ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ń pè ní tẹ́ńpílẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí Ruby on Rails ti jáde ní 2004 ni àṣà náà ti gbilẹ̀: ènìyàn yóò tẹ àṣẹ kan péré, egungun áàpù yóò sì tò kalẹ̀, pẹ̀lú ibi tí a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí. Àwọn mìíràn ti fi ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí kún tiwọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan a máa pe èyí ní àdàkọ. N kò bá wọn gbà. Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn ní 1976 pé ẹsẹ Ifá ní abala mẹ́jọ tí babaláwo ń tẹ̀ lé. Ta ni ó pe babaláwo ní olè rí?

Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ dán an wò, mo tẹ orúkọ mi pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ìkọ̀wé pupa sì jáde pé orúkọ náà kò bófin mu. Ìbínú gbé mi. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí! Ọmọ náà tú kóòdù wò, ó sì fi hàn mí. Ìlà kan ṣoṣo ni: láti A dé Z, ibẹ̀ ni orúkọ ènìyàn parí sí.

“Ẹ má bínú, sà. Bí wọ́n ṣe gbé e wá nìyẹn.”

Ó yí ìlà náà padà, ó gba gbogbo lẹ́tà àti àmì láàyè. Èyí tí ó le jù ṣẹ́ kù. Unicode, ìlànà tí ń pín nọ́ńbà fún lẹ́tà gbogbo ayé, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Títò ni a ń tò ó pọ̀. Ẹnìkan lè mú ọ kí ó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè mú ò kí ó fi àmì sí i lábẹ́. Ojú wa kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹni tí ó bá wá Ọ̀ṣun nínú àkójọ oríkì wa lè má rí Ọ̀ṣun tí ẹlòmíràn kọ. Àfi kí a kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan kí a tó tọ́jú rẹ̀. Ìlà kan péré náà ni èyí gbà, bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Gbígbé e lọ sórí sáfà kò pẹ́ rárá, bí iná tilẹ̀ lọ nígbà méjì kí a tó ṣe tán. Ọmọ náà kó àtúnṣe méjèèjì sínú àwòṣe tirẹ̀, ó sì pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá kan tí ń ránṣọ ní Mushin ni ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Àmì mẹ́rin ni ó yẹ kí ó wà lórí orúkọ rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀. Kò fi ẹyọ kan sí i. Mo pè é láti béèrè ìdí rẹ̀.

“Dókítà, ibo ni wọ́n fi í sí lórí fóònù?”