Ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ gògóńgò
Jẹjẹrẹ gògóńgò tí kò tíì kúrò lórí tán-án-ná wà lára àwọn tí ìtànṣán ń wò sàn jù. Nínú aláìsàn 10 tó wà ní ìpele kìíní, bíi 9 ni kì í padà sí lára mọ́. Ní ìpele kejì, 7 sí 8. Ohùn wọn kì í sì í lọ, ohun ńlá lèyí. Ará Ṣàngótẹ̀dó ní Èkó lè gba ìtọ́jú yìí ní NSIA-LUTH Cancer Centre, Ìdí-Àràbà, tí wọ́n ṣí ní 2019: ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lásìkò ìtọ́jú náà, itọ́ gbígbé mì á máa dunni, awọ ọrùn á dúdú. Sìgá ń ba iṣẹ́ ìtànṣán jẹ́. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà máa ń fara da ohùn híhá fún oṣù púpọ̀, ìgbà tí mímí bá nira ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.