Ìjọba Wó, Ẹ̀wù Kò Gbó

Ní 1659, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann tẹ ìwé jáde ní ìlú Ulm, ní Jámánì, nípa àwọn ohun tó kó jọ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọpọ́n Ifá kan àti ẹ̀wù méjì láti Allada wà lára wọn. Allada kò jìnnà sí Ìwòrò àti Àgbádárìgì. Ní Bẹ̀nẹ̀ ló wà lónìí. Dahomey ṣẹ́gun ìjọba rẹ̀ ní 1724, ṣùgbọ́n ẹ̀wù wọ̀nyẹn ṣì wà ní Ulm.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àpótí ìyá àgbà wa. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń mú ọ̀rinrin wá sí Ìwòrò, ọ̀rinrin sì ń bu èébu sí aṣọ. Oòrùn ń ṣá aró ẹtù. Òwú sányán, ara kòkòrò ló ti wá, nítorí náà ọṣẹ líle máa ń jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sáré fọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti òwú funfun dán igun kan wò bóyá aró rẹ̀ ń ṣí. Ẹ sá a sí ibòòji, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀. Ẹ ká a róbótó, ẹ má ṣẹ́ ẹ po, torí ojú ìṣẹ́po ló kọ́kọ́ máa ń ya. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ wé e kó má baà kan pákó àpótí.

Ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Weickmann kọ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi mọ̀ pé Allada ni ẹ̀wù náà ti wá.