Bí àwọn olólùfẹ́ Tiger Woods ṣe mọ̀ pé ó ti ń padà bọ̀, kí ìdíje Masters ọdún 2019 tó dé

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, ohun tí ojú kì í sábà rí nídìí gọ́ọ̀fù ṣẹlẹ̀ ní pápá East Lake, nílùú Atlanta, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bí Tiger Woods ṣe gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sí ọ̀nà ihò ìkẹyìn ni àwọn èrò ìwòran kọjá okùn tí wọ́n fi pààlà fún wọn, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ya bo orí pápá, wọ́n ń rọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ìgbà tí ọba bá ń ti ìrìn àjò bọ̀ wálé. Gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré ariwo. Ẹni tó bá wúkọ́ nígbà tí ẹnì kan fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ojú burúkú ni wọn yóò fi wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, apá àwọn ẹ̀ṣọ́ kò ká èrò mọ́. Tour Championship ni ìdíje náà ń jẹ́, Tiger ló gbà á, ó sì ti tó 1,876 ọjọ́ tó ti gba ìdíje kankan kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìdíje yẹn nìkan kọ́ ni àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Augusta ni ọkàn wọn ti lọ, níbi tí ìdíje Masters yóò ti wáyé ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kì í wo gọ́ọ̀fù, ìdíje mẹ́rin ló ga ju gbogbo ìdíje yòókù lọ lọ́dọọdún: Masters, PGA Championship, US Open, àti The Open ti ilẹ̀ Bìrìtéènì. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan, ihò méjìdínlógún lóòjọ́. Àmì kan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí àmì rẹ̀ bá sì kéré jù ní ìparí ọjọ́ kẹrin ló borí. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, wọn yóò dá àwọn tí àmì wọn ti pọ̀ jù padà sílé. Jack Nicklaus ló gba irú ìdíje ńlá bẹ́ẹ̀ jù láyé. Méjìdínlógún ni tirẹ̀. Nígbà tí Tiger gba US Open ní Torrey Pines ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, lórí ẹsẹ̀ tí eegun rẹ̀ ti sán, mẹ́rìnlá ni tirẹ̀ di, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n péré sì ni. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò pẹ́ kó tó bá Nicklaus.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan dàrú. Ìròyìn nípa àwọn obìnrin tó ń yàn lálè jáde ní ìparí ọdún 2009, ìgbéyàwó rẹ̀ sì tú. Ó gbìyànjú, ó tún gba ìdíje márùn-ún lọ́dún 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀kankan lára àwọn mẹ́rin tó ga jù níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn oníṣègùn ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́yìn láàárín ọdún 2014 sí 2017, èyí tí wọ́n sì ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2017 ló le jù, nítorí pé ńṣe ni wọ́n so eegun ẹ̀yìn méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn ọlọ́pàá Florida bá a níbi tó ti sùn lọ nídìí ọkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú oògùn ìrora lára. Nígbà tí oṣù Kejìlá ọdún náà fi máa bẹ̀rẹ̀, ipò 1,199 ló wà láàárín àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù jẹun lágbàáyé.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò fi ipò yẹn ṣe nǹkan kan, wọ́n sì ní ìdí. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ipò náà ni pé wọ́n á kó gbogbo máàkì tí ẹnì kan gbà láàárín ọdún méjì jọ, máàkì tó ti pẹ́ á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá pín àpapọ̀ rẹ̀ sí iye ìdíje tí ẹni náà gbá. Ẹni tí kò bá gbá tó ogójì ìdíje, ogójì náà ni wọn yóò fi pín tirẹ̀. Èyí já sí pé ẹni tó bá fi ọdún méjì ṣàìsàn yóò wà nísàlẹ̀ pátápátá, kódà bí ara rẹ̀ bá ti yá gágá. Ìṣirò tó ń wo ẹ̀yìn ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń bọ̀ ni èrò ìwòran fẹ́ mọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣọ́ kì í ṣe àmì rárá, ara ni. Ǹjẹ́ ó lè bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù nínú ihò láìfi ọwọ́ ti ìbàdí? Ǹjẹ́ ó lè gbá fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn? Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, ó parí ọjọ́ mẹ́rin ní Torrey Pines, ó sì bọ́ sí ipò kẹtàlélógún. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá a padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ méjì ní ìdíje Genesis, ṣùgbọ́n láìpẹ́ ó ṣe ipò kejìlá nínú ìdíje Honda. Ìgbà tó wá dé ìdíje Valspar ní Florida, lóṣù Kẹta, ni ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kẹta ìdíje náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré ọ̀pá fi hàn pé orí ọ̀pá rẹ̀ sáré tó máìlì 129 fún wákàtí kan nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù ní ihò kẹrìnlá. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ìkankan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ ń díje ní sáà yẹn tó tíì sáré ọ̀pá tó bẹ́ẹ̀, ẹni ọdún méjìlélógójì sì ni Tiger. Àmì kan péré ni Paul Casey fi borí rẹ̀. Lójú tèmi, nọ́ńbà 129 yẹn ju ipò kejì tó ṣe lọ, nítorí pé kò sí bí ẹni tí ẹ̀yìn ṣì ń dùn ṣe lè yí ìbàdí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìrètí wá sáré ju ara lọ. Gbogbo ẹni tó rí ti Valspar ti ń wo Masters ọdún 2018 bí ohun tó ti wà lápò, àfi bó ṣe parí sí ipò kejìlélọ́gbọ̀n. Ní US Open lóṣù Kẹfà, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi lé e lọ sílé. Àárín àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ pín sí méjì nígbà náà: àwọn kan ní kí wọ́n ṣáà máa dúpẹ́ pé ó ń rìn, àwọn kejì ní ìdúpẹ́ kọ́ ni àwọn ń ṣọ́, ìdíje ńlá kẹẹ̀ẹ́dógún ni.

Àwọn kejì yìí ni Carnoustie, ní Scotland, kọ́kọ́ dá láre. Lọ́jọ́ ìkẹyìn The Open, lóṣù Keje, Tiger nìkan ló wà níwájú gbogbo ayé nígbà tí wọ́n ti gbá kọjá ìdajì. Ihò kọkànlá ló bà á jẹ́. Àmì méjì ló sọnù níbẹ̀, Francesco Molinari ará Ítálì tí wọ́n jọ ń rìn lọ́jọ́ náà kò sì pàdánù ẹyọ kan láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi ṣe tán. Molinari ló gbà á, Tiger bọ́ sí ipò kẹfà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ní PGA Championship tó wáyé ní Bellerive nílùú St. Louis, ó gbá àmì 64 lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 266, èyí tó kéré jù tó tíì gbá rí nínú ìdíje ńlá kankan, síbẹ̀ Brooks Koepka fi 264 borí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí: ẹni tó fi àmì tó kéré jù láyé rẹ̀ pàdánù, ṣé a lè sọ pé kò tíì bọ̀ sípò?

Èyí ló mú kí East Lake rí bó ṣe rí ní oṣù Kẹsàn-án. Ipò kẹtàlá lágbàáyé ló wà nígbà tó kúrò níbẹ̀, láti ipò 1,199 láàárín oṣù mẹ́wàá.

Àmọ́ ọ̀nà láti East Lake dé Augusta kò tẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ayọ̀ yẹn, nínú Ryder Cup nílùú Paris, gbogbo ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbá fún Amẹ́ríkà ló pàdánù. Ọdún 2019 wọlé, kò gba ìdíje kankan. Ọrùn dùn ún, ó yọwọ́ nínú ìdíje Arnold Palmer lóṣù Kẹta. Nínú ìdíje ẹnìkan-sí-ẹnìkan ní Austin, ó na Rory McIlroy, ìlú sì ń hó, kí Lucas Bjerregaard ará Denmark tó wá na òun náà. Bí a bá wo ife nìkan, kò sí ohun tó fi hàn pé Masters lè jẹ́ tirẹ̀.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ti wà láàárín ẹni tó ń wo èsì àti ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Mark Broadie, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, ló gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àjọ PGA Tour bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2011. Dípò kí wọ́n kàn ka àmì, wọ́n á wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà, wọ́n á wo iye ìgbà tí àwọn akẹgbẹ́ sábà máa ń gbá a kó tó wọ ihò láti ibẹ̀, wọ́n á wá mọ èyí tí ẹnì kan fi gbá ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bóyá ti àkọ́kọ́ tó ń lọ jìnnà ni, tàbí ti àárín, tàbí títi bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ti àárín yìí, tí wọ́n ń fi ọ̀pá onírin gbé bọ́ọ̀lù lọ sí etí ihò, ni Tiger ti wà lára àwọn tó dára jù jálẹ̀ ọdún 2018. Títi bọ́ọ̀lù sínú ihò ló ń dà á láàmú, ìyẹn sì jẹ́ ohun tó lè ṣàdédé yípadà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó mọ èyí kò ní jáyà nítorí ipò ọgbọ̀n tó ṣe nínú ìdíje Players.

Ohun kejì ni Augusta fúnra rẹ̀. Masters nìkan ni ìdíje ńlá tí kì í kúrò lójú kan, nítorí náà àgbà tó mọ ibi tí ilẹ̀ ti dagun lè borí ọ̀dọ́ tó lágbára jù ú lọ. Nicklaus gbà á lọ́dún 1986, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta sì ni. Láti ọdún 1995 ni Tiger ti ń rìn lórí koríko yẹn, ó sì ti gba jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lọ́dún 1997, 2001, 2002 àti 2005.

Fún àwa ọmọ adúláwọ̀, ti ọdún 1997 yẹn kò ṣeé gbàgbé. Ọdún 1975 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí ènìyàn dúdú gbá Masters fún ìgbà àkọ́kọ́, Lee Elder sì ni ẹni náà, ọkùnrin kan náà tó ti wá gba ìdíje Nigerian Open níbí lọ́dún 1971. Ní ìparí ọdún 1975 kan náà ni wọ́n bí Tiger. Nígbà tó fi àmì méjìlá na gbogbo ayé ní Augusta lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógún, Elder wà níbẹ̀ tó ń wò ó.

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2019 dé. Ìjì ń bọ̀, wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Àmì méjì ni Molinari fi wà níwájú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìdíje ńlá mẹ́rìnlá tí Tiger ti gbà, kò sí èyí tí ẹlòmíràn wà níwájú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn. Fóònù kò gbọ́dọ̀ wọ pápá Augusta. Ariwo tó bá ń gba àárín igi pine kọjá ni èrò fi ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn, pẹ̀lú pátákó tí wọ́n ń fọwọ́ pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀, àwọn tó sì ti ń tẹ̀ lé Tiger láti ọjọ́ pípẹ́ lè fi bí igbe ṣe dún mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni. Ní ihò kejìlá, tí kò ju yáàdì 155 lọ, Molinari gbá bọ́ọ̀lù sódò. Koepka ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, Tony Finau tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tiger kò wo ibi tí àsíá wà rárá. Àárín koríko, níbi tí ewu kò sí, ló gbá tirẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti rí i tí odò náà gbé bọ́ọ̀lù àwọn ẹlòmíràn lọ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Láti ibẹ̀ ló ti bá Molinari dọ́gba. Ó jèrè ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ihò kẹtàlá, kẹẹ̀ẹ́dógún àti kẹrìndínlógún, níbi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti yí bọ̀ láti orí òkè kékeré tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àmì 275 ló fi gbà á, ẹyọ kan ló fi ju Koepka, Dustin Johnson àti Xander Schauffele. Nínú ihò 72, bọ́ọ̀lù rẹ̀ dé orí koríko ihò ní àkókò tó yẹ lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gọ́ta, kò sì sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ọ̀pá onírin tí àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá ló ṣe é. Lẹ́yìn ihò ìkẹyìn ló ti dì mọ́ Charlie ọmọ rẹ̀, níbi tí òun àti Earl bàbá rẹ̀ ti dì mọ́ ara wọn lọ́dún 1997.

Lóṣù kan lẹ́yìn náà, ní PGA Championship tó wáyé ní Bethpage, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dá a padà sílé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ó gba ìdíje Zozo ní Japan, èyí tó sọ ọ́ di ẹlẹ́gbẹ́ Sam Snead pẹ̀lú ìdíje PGA Tour méjìlélọ́gọ́rin. Ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí i ní oṣù Kejì ọdún 2021 fọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ó tún fi ẹsẹ̀ náà rìn yí Augusta ká fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì parí sí ipò kẹtàdínláàádọ́ta, pẹ̀lú èrò lẹ́yìn rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀.