Ọṣẹ Dúdú: Ẹ̀bùn Ọdún tí ó Ní Ìtàn

 

Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí mi. Ọṣẹ ni, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, ó rí bí ẹja, àní ó ní ìpẹ́ lára. Lórí bébà tí ó fi wé e ni ó kọ "Ose dudu" sí. Mo dúpẹ́ púpọ̀, mo sì fi wẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ náà le bí òkúta, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ dúdú tí mo mọ̀ láti kékeré kì í le bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, ó sọ fún mi pé ọṣẹ funfun ni òun rà lọ́jà, òun yọ́ ọ lórí iná, òun da èédú lílọ̀ sí i, òun sì dà á sínú ohun tí ó rí bí ẹja.

N kò bá a wí. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n mo rí i pé orúkọ ni ó kù nínú ọṣẹ náà, ohun tí orúkọ náà ń jẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àròkọ yìí: kí ẹni tí yóò fi ọṣẹ dúdú ṣe ẹ̀bùn ọdún lè mọ ohun tí ó ń fún ẹlòmíràn.

Orúkọ rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo àmì ohùn. Ọṣẹ (re re) ni a fi ń wẹ̀. Ọ̀sẹ̀ (dò dò) ni ọjọ́ tí a ń kà. Ọṣẹ́ (re mí) ni ìpalára. Òṣé (dò mí) sì ni èyí tí a ń pa nígbà tí nǹkan bá sú wa. Ẹni tí ó kọ "ose" láìfi àmì sí i kò sọ èyí tí ó fẹ́ fún wa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Dúdú náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọ̀ mẹ́ta tí èdè wa fi ń pín ohun gbogbo. Ohun tí òyìnbó yóò pè ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ igi, bí ó bá ti ṣókùnkùn díẹ̀, dúdú ni lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, ọṣẹ dúdú gidi lè jọ àwọ̀ kọfí tàbí àwọ̀ igi. Kò pọn dandan kí ó dúdú bí èédú, kò sì sí ìdí tí a ó fi da èédú sí i.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìyá ìyá mi kì í ta ọṣẹ; ti ilé ni ó ń ṣe, pàápàá bí ọdún bá ń sún mọ́ tòsí, kí àwọn tí ó bá wá kí i má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Nǹkan méjì ni ó ń wá: eérú àti àdín.

A ń rí eérú nígbà tí a bá sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, igi ẹyìn tí a ti ṣa ẹyìn kúrò lára rẹ̀, tàbí èèpo kòkó. Ẹ dúró díẹ̀ lórí kòkó. Ọ̀pọ̀ bébà tí a ń lẹ̀ mọ́ ọṣẹ yìí lónìí ń sọ pé láti ayébáyé ni a ti ń fi èèpo kòkó ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni kòkó tó fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ ti wà nídìí ọṣẹ kí kòkó tó dé. Àlejò tí ó rí iṣẹ́ ṣe ni kòkó.

A óò da eérú sínú ìkòkò tí a ti lu nídìí, a óò bu omi lé e, omi yóò sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀. Sísẹ́ ni a ń sẹ́ ẹ. Omi eérú nìyẹn. Àwọn aláró náà ń lò ó láti fi re aṣọ pẹ̀lú elú, nítorí náà ọmọ ìyá ni iṣẹ́ aró àti iṣẹ́ ọṣẹ. Ìyá ìyá mi a fi orí ahọ́n tọ́ omi náà wò. Bí kò bá ta á létè, a tún dà á padà sórí eérú.

Àdín ni òróró tí a ń rí lára èkùrọ́. Dídín ni a ń dín èkùrọ́ nínú ìkòkò títí òróró rẹ̀ yóò fi jáde, ẹ sì lè gbọ́ "dín" nínú orúkọ náà. Àdín yìí kan náà ni èèwọ̀ Èṣù. Bí omi eérú bá ti hó tí ó sì ki, a óò da àdín sí i, a óò máa rò ó lórí iná títí yóò fi dì. Kò ní le, nítorí pé potassium ni ó wà nínú eérú igi, ọṣẹ tí a bá sì fi í ṣe máa ń rọ̀. Sodium ni ó wà nínú ọṣẹ líle tí a lè gé tàbí tí a lè fi ṣe ẹja àti òdòdó. Nítorí náà, ẹ̀rí ni rírọ̀ ọṣẹ dúdú jẹ́. Kì í ṣe àbùkù.

Epo lọ, ọṣẹ dé

Ní ọdún 1791, Nicolas Leblanc, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń rí sódà láti ara iyọ̀. Ní 1823, Michel Chevreul, ará Faransé bákan náà, tẹ ìwé lórí ohun tí ọ̀rá àti epo jẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń di ọṣẹ. Àwọn ìyá wa kò dúró de ìwé yẹn. Ahọ́n àti ọwọ́ ni ìwé tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí sódà pọ̀ tó sì pọ́n, epo ni ó kù tí àwọn aṣọṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá. Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní 1807. Epo pupa ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Liverpool wá ń kó. Ní 1853 ìjọba wọn mú owó orí kúrò lórí ọṣẹ. William Lever bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ Sunlight ní 1884, ní 1888 ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, Port Sunlight. Èkùrọ́ wa náà wọkọ̀, Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ.

Bí epo ti ń lọ sí àríwá, ọṣẹ fúnra rẹ̀ ń gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn. Láàárín Èkó àti Bahia ní ilẹ̀ Bùràsílì, àwọn ọkọ̀ ń kó obì, orógbó, aṣọ òfì àti ọṣẹ dúdú lọ fún àwọn ènìyàn wa tí a ti kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Ní èdè Potogí wọ́n pè é ní sabão da Costa, ìyẹn ọṣẹ Etíkun. Etíkun tí wọ́n ń wí ni tiwa. Inú ìwẹ̀ Candomblé ni ó wà títí di òní. Ẹ ro ó wò: àwọn tí a gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn ka ọṣẹ ilé sí ohun iyebíye, nígbà tí àwa tí a wà nílé ń kọ́ láti pè é ní ọṣẹ tálákà.

Báwo ni a ṣe kọ́ ọ? Ọṣẹ òyìnbó dé, ó le, ó ń ta sánsán, bébà rẹ̀ sì rẹwà. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ Lever dá West African Soap Company sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Apapa ní Èkó ni wọ́n sì ti ń ṣe ọṣẹ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun lajú, ọṣẹ òyìnbó ni yóò gbé síwájú àlejò. Ọṣẹ dúdú padà sí kọ̀rọ̀, sí ọwọ́ ọlọ́mọ tuntun àti oníṣègùn tí ń gún ewé mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ní 2023, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà, Unilever Nigeria, tí ó jẹ́ àrólé ilé-iṣẹ́ yẹn, kéde pé òun yóò kúrò nínú òwò ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìwẹ̀ ní Nàìjíríà. Lákòókò yìí kan náà, ọṣẹ tí a kọ̀ sílẹ̀ wà lórí pẹpẹ ìtajà ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York, a sì ń fi ṣe ẹ̀bùn Kérésìmesì.

Ẹ̀bùn tèmi

Inú mi dùn sí èyí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí kò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọjà bá gba orúkọ tí kò gba ìmọ̀, láìpẹ́ èédú àti ọṣẹ yíyọ́ ni ọmọ wa yóò mọ̀ sí ọṣẹ dúdú, ọ̀rọ̀ bí àdín àti omi eérú yóò sì di ohun tí a ń wá nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní ọṣẹ. Èmi náà ti se tèmi fún un lọ́dún yìí. Kò rí bí ẹja. Ó rọ̀, ewé ni mo fi pọ́n ọn, mo fi kànìnkànìn tì í, mo sì kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sórí bébà kékeré kan, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo wọn: eérú, omi eérú, èkùrọ́, àdín, ọṣẹ dúdú.

Ẹ kú ọdún o. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀.