Ẹ̀tọ́ yín lórí fóònù tó bàjẹ́

Bí fóònù bá bàjẹ́ ní Àgídìngbì, Computer Village n'Ìkẹjà lọ̀pọ̀ ń gbé e lọ. Ẹ̀yin lẹ fowó yín rà á. Ibi tó bá wù yín lẹ ti lè tún un ṣe. Páàtì gidi ni wàhálà.

Ní California l'Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Keje ọdún 2024 sọ pé kí iléeṣẹ́ máa pèsè páàtì, irinṣẹ́ àti ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ tó tó 100 dọ́là títí ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é kẹ́yìn.

Òfin tiwa, FCCPA 2018, kò fi irú dandan yẹn lé wọn. Ṣùgbọ́n ó ní kí òǹtajà fún yín ní rìsíìtì, kó sì là á mọ́lẹ̀ bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lọjà. Ẹ má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìgba rìsíìtì: òun lẹ máa mú dání bẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sun àjọ FCCPC.